Ìjóni àti Ìfarakọ̀: Ìperí fún Àrùn Awọ Ara Lẹ́nu Iṣẹ́ Aró

Ẹni tí ó bá ti Ilé-Ifẹ̀ gba Ṣẹ̀kọ̀nà kọjá sí Ẹdẹ, tí ó sì ti Ẹdẹ wọ Òṣogbo, orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ aró ti pẹ́ ni ó ń rìn. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo sọ pé nígbà tí igi kan wó sínú odò, ohùn kan jáde láti inú omi, ó ń ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìlú aró ni wọ́n sì ń ki Òṣogbo títí di òní. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó, tí ó sì ṣẹ́kù, fún iṣẹ́ náà. Èlú ni ewé tí wọ́n ń gún; aláró ni ẹni tí ń ṣe é; bí ó bá fi iko di aṣọ, àdìrẹ oníko ni; bí ó bá fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i lára, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá béèrè orúkọ ohun tí ń ṣe aláró fúnra rẹ̀ nígbà tí awọ ọwọ́ rẹ̀ bá ń pọ́n, tí ó ń là, tí ó sì ń yún un, orúkọ a pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n kò ní sí ọ̀kan tí ó ṣe pàtó.

Àìsí ọ̀rọ̀ pàtó yìí kì í ṣe ọ̀ràn àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń fara jọra lọ́wọ́ aláró. Wọ́n jọra ní ojú, ṣùgbọ́n okùnfà wọn yàtọ̀, ìmọ̀ràn tí ó yẹ kí dókítà fún ẹni tí ó ní wọn sì yàtọ̀. Níbi tí orúkọ méjèèjì bá ti di ọ̀kan, aláìsàn a gba ìmọ̀ràn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ìyá kan tí ó ti ń rẹ aṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ wọ ibùdó ìlera ní ìlú tí ó tó Ṣẹ̀kọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tí ó bá níbẹ̀ kò ju ọmọ tí ó lè bí lọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Kí ni ó ń ṣe yín lọ́wọ́?" Ìyá dáhùn pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ yìí ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn." Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ náà, ó ní, "Aléjì ni, Mà. Ẹ máa fi ìpara yìí pa á." Ìyá dúpẹ́, ó súre fún un, ó gba ilé lọ. Ó rò pé aléjì ni orúkọ kòkòrò tí ìpara náà yóò pa. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti padà sí ìdí ìkòkò aró. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ọwọ́ náà máa ń ta á ní kété tí ó bá ti kàn án, tàbí bóyá ó di ọjọ́ kejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Ohun tí ó wà nínú ìkòkò

Láyé àtijọ́, ohun méjì pàtàkì ni aláró ń lò: èlú àti omi eérú. Eérú igi ni wọ́n máa ń da omi sí nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, kí omi náà lè sẹ́ jáde ní mímọ́. Omi eérú yìí ni ó ń jẹ́ kí aró inú èlú yòrò. Aró tí ó yòrò kì í dúdú. Ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú mọ́ àwọ̀ ewé. Ìgbà tí wọ́n bá yọ aṣọ jáde, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, ni ó tó padà di dúdú aró. Gbogbo aláró ni ó mọ èyí. Ohun tí onímọ̀ kẹ́místrì fi kún un ni pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá wọ ọjà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dé ilẹ̀ Yorùbá, òun pẹ̀lú sódà kọ́sítíìkì tí ó gba ipò omi eérú. Ní Abẹ́òkúta, nínú àwọn ọdún 1930, ọ̀ràn méjèèjì dá ìjà sílẹ̀. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè wọ́n, àwọn obìnrin aláró sì fi ẹ̀hónú hàn. Òpìtàn Judith Byfield sọ nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀, The Bluest Hands, tí ó jáde ní 2002. Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà gbóná ni ìkùnsínú pé àdìrẹ kò dára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aṣọ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọwọ́ tí ń rẹ aṣọ náà kọ́ ni ó wà níwájú.

Lẹ́yìn náà ni oríṣìíríṣìí tún dé. Áídírósì, ìyẹ̀fun funfun olóòórùn líle, ni wọ́n ń pò mọ́ sódà kí aró lè tètè yòrò. Nínú àwọn ọdún 1960 àti 1970, aṣọ tí wọ́n ń pè ní kàm̀pálà gbòde, ó sì mú aró aláwọ̀ pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé wá sí agbo-ilé. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ ICI ní Bírítéènì ti gbé oríṣìí aró mìíràn jáde, èyí tí ó ń so mọ́ òwú fúnra rẹ̀ débi pé fífọ̀ kò lè tètè yọ ọ́. Ohun èlò tí ń bẹ lọ́wọ́ aláró lónìí kì í ṣe ohun èlò ìyá rẹ̀ àgbà mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń kì bọ ìkòkò kò yí padà.

Ìjóni

Àrùn kìíní ni èyí tí ohun líle fúnra rẹ̀ ń dá sí awọ. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH, tí ó lọ láti 0 dé 14, wọn bí omi ṣe kan tàbí bí ó ṣe le tó ní ọ̀nà ti eérú. Omi lásán wà ní 7. Awọ ara ènìyàn máa ń wà láàrin 4 sí 6. Omi aró tí wọ́n fi sódà kọ́sítíìkì pò lè ga ju 12 lọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá wọ inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú. Omi eérú àti epo ni wọ́n ń pò pọ̀ tí ó fi ń di ọṣẹ. Bákan náà ni sódà ṣe ń bá ọ̀rá tí Ẹlẹ́dàá fi bo awọ ara pò, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí sódà bá kàn án: ọ̀rá ara olúwarẹ̀ ni ó ń di ọṣẹ.

Bí ọ̀rá bá ti lọ, omi ara a máa gbẹ, awọ a gan, a là, a sì máa ta ènìyàn. Àmì àrùn yìí rọrùn láti mọ̀. Ó máa ń ta tàbí kí ó jó ní kété tí ọwọ́ bá kan ohun náà, tàbí láàrin wákàtí díẹ̀. Kò kọjá ibi tí ohun náà kàn. Kò sì sí ẹni tí kò lè mú: bí sódà bá pọ̀ tó, tí ó sì pẹ́ tó lára, yóò jó ọba, yóò jó ìwọ̀fà. Nítorí náà, òògùn rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n: kí sódà dínkù, kí àkókò dínkù, kí ìbọ̀wọ́ wà láàrin ọwọ́ àti omi. Bí ó bá sì ta sí ara, omi tútù tí ń ṣàn ni kí wọ́n máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí òróró.

Ìfarakọ̀

Àrùn kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tirẹ̀, ohun tí ó kan ara lè má le rárá. Ara ni kò gbà á. Ní 1906, dókítà ará Vienna kan, Clemens von Pirquet, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀ láti fi sọ orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kìíní ni "mìíràn", ti èkejì sì ni "iṣẹ́": ara ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn sí ohun tí ó ti bá pàdé rí. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni aléjì ti wá.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ègé kéékèèké inú aró kan, tàbí inú àwọn iyọ̀ tí ó ní kúrómíọ̀mù nínú, máa ń wọ inú awọ, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì ara. Aró tí wọ́n ṣe kí ó lè so mọ́ òwú tún ní agbára láti so mọ́ purotéènì yìí pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú awọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ará Jámánì, Paul Langerhans, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1868. Wọ́n á gbé àjèjì náà lọ sí àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní abíyá, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n yóò ṣe dá a mọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí lè gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ara bá ti dá nǹkan náà mọ̀, kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá tún kàn án, bí ó tilẹ̀ kéré jọjọ, láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta awọ yóò wú, yóò pọ́n, yóò lé ròrò, yóò sì máa yún ènìyàn gidigidi. Ó lè kọjá ibi tí aró kàn, kí ó gun apá, kí ó dé ìpéǹpéjú.

Èyí ni ó fi yẹ̀ pé ìbéèrè tí àwọn aláró sábà ń béèrè, pé "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é, báwo ni yóò ṣe jẹ́ pé òun ni?", ní ìdáhùn. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àrùn kejì yìí. Ìwọ̀n kọ́ ni òògùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí sódà ń jó lè dín sódà kù, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti dá aró kan mọ̀ gbọ́dọ̀ wá aró mìíràn, nítorí èyí tí ó kù sí ìsàlẹ̀ igbá pàápàá tó láti dá a dùbúlẹ̀.

Láti mọ èyí tí ó ń fa àrùn, àwọn dókítà awọ ara ń lo ọ̀nà tí Josef Jadassohn fi hàn ní 1895. Wọ́n á lẹ ìwọ̀nba ohun tí wọ́n fura sí mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún wákàtí 48, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ibi tí ó bá wú tí ó sì pọ́n ni ó ń jẹ́rìí. Ìdánwò yìí máa ń fi ohun tí ènìyàn kò retí hàn nígbà mìíràn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fúnra rẹ̀ ní àwọn kẹ́míkà tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, débi pé ohun tí aláró rà láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ ni yóò máa ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìbọ̀wọ́ tí kì í ṣe rọ́bà.

Àrùn méjèèjì sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Awọ tí sódà ti jó, ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ni. Ohun tí ì bá dúró lóde a wọlé. Ẹni tí ó ń fi bílíìṣì tàbí kẹrosíìnì fọ àbàwọ́n aró kúrò lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ń ṣí ilẹ̀kùn kan náà ni. Àbàwọ́n fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ọwọ́ dúdú aláró lè sàn ju ọwọ́ funfun tí wọ́n fi bílíìṣì fọ̀ lọ.

Orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ilé èdè Yorùbá, orúkọ àrùn awọ kò wọ́n: èélá wà, kúrúnà wà, làpálàpá wà. Bí àrùn ṣe rí lójú ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, àwọn mìíràn sì ń gbé ìbẹ̀rù àkóràn dání. Bí wọ́n bá pe ti aláró ní kúrúnà, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa sá fún ìjókòó rẹ̀, oníbàárà yóò sì máa fi ẹ̀tanú wo aṣọ rẹ̀, nígbà tí ohun tí ń ṣe é kò lè ran ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń pè é ní àfọwọ́fà, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó kì bọ aró. Orúkọ yìí tún burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ẹ̀bi ni ó ń gbé lé oníṣẹ́ lórí.

Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ìperí Yorùbá ti fi ọ̀nà lélẹ̀. Ní 1970 ni Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá darí, bẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé Yorùbá lè kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ lẹ́yìn náà mójú tó ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ wúlò fún ti ìṣègùn pẹ̀lú: kí wọ́n fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú, kí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí kí wọ́n yá.

Èyí tí wọ́n ti yá ni aléjì. Ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó lè lé e jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Òyìnbó, àti pé àwọn tí ó gbọ́ ọ ń fi pe ọ̀fìnkìn, inú rírun àti ara yíyún lápapọ̀. Èkejì ni èèwọ̀-ara. Ó dùn létí, ó sì gbé òtítọ́ kan dání, nítorí pé èèwọ̀ kì í wo bí nǹkan ṣe kéré tó. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ní ìdílé, ó ní ìbúra, ó ní ètùtù; aláìsàn lè máa wá ẹni tí yóò bá a tú u. Ẹ̀kẹta ni àìbáramu. Èyí fẹ̀ jù: oúnjẹ tí kò dà nínú àti òògùn tí ó ń kọ ojú ni ó kó pọ̀.

Ohun tí aláró fúnra rẹ̀ ń sọ ni "ara mi kọ̀ ọ́". Gbólóhùn yìí péye ju gbogbo ìperí tí ó ṣáájú lọ: ó sọ pé ara ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sọ pé kíkọ̀ ni iṣẹ́ náà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Láti inú rẹ̀ ni ìfarakọ̀ ti lè jáde: fi, ara àti kọ̀, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Bí ìfaradà àti ìfarapa ṣe jáde náà nìyẹn, ìfarakàn sì wà nítòsí láti dúró fún bí aró ṣe ń kan awọ. Ìfaradà àti ìfarakọ̀ jọ dúró ní ìdojúkọ: ohun tí ara ń fara dà lánàá ni ó fara kọ̀ lónìí. Ohun kan péré ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣọ́, èyíinì ni àmì ohùn, kí ìfarakọ̀ má baà di ìfarakọ́. Níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀, kọ̀ yóò di ohùn àárín, "ó fara kọ aró", gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ onísílébù kan.

Àwọn ìperí tí ó bá a rìn nìyí:

Ìjóni: àrùn awọ tí ohun líle fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.
Ajónilára: ohun tí ń fa ìjóni, bí sódà kọ́sítíìkì.
Ìfarakọ̀: àrùn tí ó ń wáyé nígbà tí ara bá kọ ohun tí ó ti dá mọ̀.
Okùnfà ìfarakọ̀: ohun tí ara dá mọ̀ tí ó sì kọ̀.
Ìdámọ̀: ìgbà tí ara ń kọ́ láti mọ ohun náà, kí àmì kankan tó hàn.
Ìdánwò àlẹ̀mọ́ra: lílẹ ohun tí wọ́n fura sí mọ́ ẹ̀yìn láti mọ okùnfà.
Àrùn ẹnu-iṣẹ́: àrùn tí ipò àti ohun èlò iṣẹ́ mú wá. Àrùn àfiṣẹ́kó ì bá kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n "kó" yóò mú ọkàn lọ sí àkóràn.

Ohun tí orúkọ ń gbà

Ìyàtọ̀ ìjóni àti ìfarakọ̀ kì í ṣe àṣàrò àwọn olùkọ́ nìkan. Nínú àkójọ àrùn ẹnu-iṣẹ́ tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀ràn iṣẹ́, tún ṣe ní 2010, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún méjèèjì. Ní ọdún kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tuntun lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa tàbí tí ó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà wà fún ẹni tí ó ní agbanisíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ aláró kò ní ọ̀gá kan lókè orí wọn; àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá, àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ààbò tí ó wà nítòsí jù ni ìmọ̀, ìmọ̀ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn bí kò bá gba ẹnu èdè wọn kọjá.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àná padà sí ìdí tábìlì rẹ̀, kí ìyá aláró sì tún wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ó máa ń jó yín bí ọwọ́ yín bá ṣe ń kan omi aró ni, àbí ọjọ́ kejì ni ó máa ń yún yín?" Ìyá ronú díẹ̀. "Ọjọ́ kejì ni, ọmọ mi. Bí mo bá sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ. Aró pupa nìkan ni ó ń ṣe é. Ti dúdú kì í ṣe nǹkan kan." "Ó jọ ìfarakọ̀ ni, Mà. Ara yín ti dá aró pupa yẹn mọ̀, ó sì ń kọ̀ ọ́. Kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ fi í sílẹ̀ ná, ẹ máa rẹ dúdú. Màá kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kí wọ́n ṣe ìdánwò àlẹ̀mọ́ra fún yín." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìyá yìí kò ní padà sí ìdí ìkòkò tí ń pa á lára, kò sì ní fi iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun sílẹ̀.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn atúmọ̀ èdè tí ń kọ ìwé ìléwọ́ ìlera, àti àwọn oníròyìn orí rédíò, láti dán àwọn ìperí wọ̀nyí wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwọn aláró Ẹdẹ, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù wọ́n lọ, tiwọn ni kí wọ́n gbà. Àwọn ni ó ni ọwọ́ náà.